Wọ́n Ń Gba Owó Wa, Wọ́n sì Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n a kò tíì yanjú rẹ̀. Láìpẹ́, àwa aṣojú yín yóò tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá lórí àdéhùn iṣẹ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa ṣáájú pé owó oṣù nìkan ni kí a wá sọ, pé kí a má wulẹ̀ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, nítorí pé gbogbo wa ni a ti ní káàdì adójútòfò ìlera lọ́wọ́. Ìdáhùn wa ni pé káàdì kì í ṣe dókítà. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ó rántí ohun tí ojú wa rí ní ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹnì kan ti kó àrùn kòrónà wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ará Ítálì ni, Èkó ni ó gbà wọlé, ó sì ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn kí àṣírí tó tú. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àjàkálẹ̀ àrùn náà ti kárí ayé. Nígbà tí ó di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Ti ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n tó dẹ okùn náà díẹ̀.

Àwa kò gbélé ní tiwa. Oúnjẹ ni à ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ wa, òfin náà sì yọ àwọn tó ń ṣe oúnjẹ sílẹ̀. Wọ́n fún wa ní lẹ́tà tí a ó fi han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ní géètì, wọ́n ń na ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ara sí wa níwájú orí, wọ́n fún wa ní ìbòmú, a fọwọ́, a wọlé, ẹ̀rọ sì ń yí tọ̀sán-tòru. Wọ́n ń yìn wá lórí rédíò pé àwa ni òṣìṣẹ́ tí ìlú kò lè wà láìsí wọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, kí ni wọ́n wí fún un?

Ìyá wa kan wà ní ẹ̀ka ìdìpọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa. Ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ láì yẹ̀ ẹ́. Oṣooṣù ni ó ń lọ gba oògùn náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ó ti ẹnu iṣẹ́ òru lọ tààrà sí ilé ìwòsàn. Mẹ́gáàdì kò ṣí géètì. Ó ní àwọn ọ̀gá òun sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé àfi ẹni tí ó bá jẹ́ ti pàjáwìrì. Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn mi nìkan ni mo fẹ́ gbà." Mẹ́gáàdì ní kí wọ́n padà wá nígbà tí kónílé-ó-gbélé bá parí. Kò rí nọ́ọ̀sì kankan bá sọ̀rọ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ ti dókítà. Nọ́ńbà tẹlifóònù tó wà lẹ́yìn káàdì ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e.

Ó lọ ra oògùn lọ́dọ̀ kẹ́místì, owó rẹ̀ sì ti fò sókè. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn ọjọ́ kan lo ọjọ́ méjì. Ní oṣù kẹfà, ó ṣubú sídìí ẹ̀rọ níṣojú wa. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ó wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún kòrónà nígbà náà, kò ní i. Kì í ṣe kòrónà ni ó gbé ìyá yìí ṣubú. Géètì tí a kò ṣí fún un ni.

Ẹ gbọ́ ti èkejì. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa ní ọmọ ọdún méje tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó sì ń bì. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan náà. Bí nọ́ọ̀sì tó wà lójú fèrèsé ṣe gbọ́ pé ara gbígbóná ni, ó sún sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n pe nọ́ńbà tí ìjọba fi sílẹ̀ fún kòrónà. Wọ́n pè é títí kí wọ́n tó rí ẹni gbé e. Ẹni náà gba orúkọ àti àdírẹ́sì, ó ní àwọn ń bọ̀. Ọjọ́ kejì, wọn kò dé. Ọjọ́ kẹta, aládùúgbò kan ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré ti ìjọba ìbílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó so ìbòmú rẹ̀ mọ́mú, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ ní ìka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibà lásán ni. Ó fún un ní oògùn, ọmọ sì bọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ibà fi jó ọmọ yẹn nínú ilé bàbá tí ó ní káàdì lápò. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ibà máa ń pa ọmọdé ní ilẹ̀ yìí, kò sì dúró kí kòrónà kọjá kí ó tó ṣe tirẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìkẹta. Díẹ̀ nínú wa kò kọ orúkọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí ilé-iṣẹ́. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò wọn ni wọ́n mú, dókítà kan ṣoṣo àti nọ́ọ̀sì mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé kù sí dẹ̀dẹ̀, dókítà yìí kó fáìlì jáde, ó ṣa orúkọ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sọ́tọ̀, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá gba oògùn oṣù méjì. Ó ta tapólì sí àgbàlá, ó gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń wo ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí onítọ̀hún má baà wọ àárín àwọn aláìsàn tó kù. Ó fi nọ́ńbà tẹlifóònù kan lélẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń gbé láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀kan nínú wa sọ pé nígbà tí òun pè, nọ́ọ̀sì kò béèrè nọ́ńbà káàdì òun. Ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ẹsẹ̀ bàbá yín tó wú ńkọ́, ṣé ó ti lọ sílẹ̀?"

Àrùn kan náà, ìlú kan náà, HMO kan náà ni, owó kan náà ni wọ́n sì ń san lé wa lórí. Ẹnì kan ti géètì, ẹnì kejì ta tapólì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò ṣe é ṣe.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ wa lódì. A kò bú dókítà, a kò sì bú nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, ẹ̀rù tó sì bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, Dókítà Ameyo Adadevoh ni ó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ilé ìwòsàn láti lọ máa tan àrùn kálẹ̀. Ó gba ìlú là, ṣùgbọ́n àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún náà. Ẹni mẹ́jọ ni Ebola pa ní Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì wà nínú wọn. Kò sí oníṣègùn kan ní Èkó tí ó gbàgbé èyí ní ọdún 2020. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì tún kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn aládàáni pé èyí tí wọn kò bá fún ní àṣẹ kò gbọ́dọ̀ tọ́jú alárùn kòrónà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ìjìnlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń bínú sí ni ohun ìdáàbòbò tí kò tó àti owó ewu iṣẹ́ tí ó jẹ́ ₦5,000 lóṣù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iye tí a ń pè ní owó, ₦5,000 láti fi ra ẹ̀mí ẹni! Ẹ̀yìn wọn ni a wà nígbà náà, ẹ̀yìn wọn ni a sì wà títí di òní.

Ta wá ni a ń bá wí? Ètò náà gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ń gbé káàdì kiri láì mọ bí owó rẹ̀ ṣe ń rìn.

Òfin ọdún 1999 ni ó dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀, ọdún 2005 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò dá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò dá mẹ́wàá. Ètò náà kan òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Owó náà lọ sọ́dọ̀ HMO. Lóṣooṣù, HMO yóò san owó orí fún ilé ìwòsàn tí a kọ orúkọ wa sí, iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣàìsàn, ìbáà má ṣàìsàn. Ẹni tó gbé ètò náà kalẹ̀ rò pé ilé ìwòsàn yóò máa tọ́jú wa kí àìsàn má baà wọlé, nítorí pé bí ara wa bá le, owó á ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó wọ́ sí. Bí ilé ìwòsàn bá ti géètì tí aláìsàn kò rí ibi wọlé, owó orí ṣì ń dé. Ẹni tó ta tapólì ná owó sí i, ó ná ọjọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ẹni tó ti géètì kò ná nǹkan kan. Iye kan náà ni wọ́n san fún àwọn méjèèjì. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ìwé owó oṣù wa wà níbẹ̀, wọ́n ń yọ owó náà láì fo oṣù kan. Ta ni ó bi wọ́n pé kí ni ẹ fi owó wọ̀nyí ṣe? Kò sí ẹnì kankan.

Ní ọdún 1978, ní ìlú Alma-Ata, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò pé ìtọ́jú àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí ilé oníkálukú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, fi gbogbo agbára rẹ̀ polongo rẹ̀ nílẹ̀ wa. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà tó gba ọmọ awakọ̀ wa là, irú ilé ìwòsàn tí bàbá yẹn ń jà fún ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó mọ ẹni tí à ń jẹ́, tí wọ́n mọ àìsàn tó ń ṣe ìyá wa àti bàbá wa, àwọn ni dókítà ìdílé. Ọjọ́ tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé ni a nílò wọn jù.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ tiwọn fún wa. Olúkúlùkù ní dókítà ìdílé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí lọ́hùn-ún. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba wọn ní kí àwọn dókítà náà máa kọ́kọ́ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù kí wọ́n tó pinnu ẹni tí yóò wá. Kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà tí kò gbọ́ èdè dáadáa jìyà, àwọn mìíràn di tẹlifóònù mú títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n, ẹlòmíràn sì ní dókítà kò lè rí wíwú ẹsẹ̀ òun láti inú tẹlifóònù. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò nìyẹn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹni tó gbé tẹlifóònù ní fáìlì wọn níwájú. Níhìn-ín náà, ìjọba Èkó gbé Eko Telemed kalẹ̀ ní ọdún 2020 kí ará ìlú lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí a ti san owó fún tẹ́lẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dá wa lóhùn.

Ẹjọ́ tiwa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò ní fi pamọ́. Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ lọ bá máníjà lórí ìbòmú, lórí bọ́ọ̀sì, lórí owó iṣẹ́ àfikún. A kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí HMO. Ìgbà tí ìyá wa ṣubú ni ojú wa tó là. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín kọ orúkọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kọ tiwọn sí. Ẹlòmíràn kò tíì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Ẹlòmíràn ń yá àbúrò rẹ̀ ní káàdì, títí fáìlì fi dàrú tí dókítà kò mọ ẹ̀jẹ̀ ta ni ó ń ru. Dókítà kò lè mọ ẹni tí kò rí rí.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ gbé lọ sí ìdí tábìlì nìyí:

Èkíní, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tí a bá kọ orúkọ wa sí ní nọ́ńbà tẹlifóònù tí ènìyàn yóò máa gbé, kí HMO sì máa pè é wò fúnra rẹ̀.

Èkejì, nígbàkigbà tí ìjọba bá kéde àjàkálẹ̀ àrùn, kí ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ gba oògùn oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta, kí ibi ìyẹ̀wò lọ́tọ̀ wà fún ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, kí a má lé ẹnikẹ́ni padà ní géètì láì jẹ́ pé nọ́ọ̀sì wò ó. Kí ilé-iṣẹ́ wa sì dá sí owó ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà, nítorí pé a kò lè ní kí ẹlòmíràn fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu fún wa lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀kẹrin, ilé ìwòsàn tó bá ti ilẹ̀kùn, kí owó orí wa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní oṣù náà, kí ó tẹ̀ lé wa lọ sí ibi tí wọ́n bá ti gbà wá.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìgbìmọ̀ ìlera wà, tí aṣojú òṣìṣẹ́ méjì yóò wà nínú rẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí ìgbìmọ̀ náà sì máa pe HMO wá jíhìn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Àwọn ọ̀gá yóò sọ pé àrùn ti lọ. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni onílé tó gbọ́n ń tún òrùlé ṣe. Wọ́n tún lè sọ pé òfin tuntun ti dé ní ọdún 2022 tí ó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. A mọ̀, inú wa sì dùn sí i. Òfin ti mú kí káàdì di dandan. Àdéhùn wa ni yóò mú kí géètì ṣí.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, ẹ mú káàdì yín dání. Ẹni tí wọ́n bá lé padà ní ọdún 2020, kí ó sọ ọ́ fún aṣojú ẹ̀ka rẹ̀. Bí kò bá lè kọ ọ́, a ó bá a kọ ọ́. Ilé ìwòsàn tó bá sì ṣe dáadáa sí yín, ẹ sọ ìyẹn náà, kí a lè mọ ibi tí a ó darí ẹlẹgbẹ́ wa sí. Ìyá wa tó ṣubú ti ní kí a kọ tòun sí i lákọ̀ọ́kọ́. Ọwọ́ òsì ni ó fi buwọ́ lù ú.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní bàjẹ́.